Ìkòkò Tó Wà ní Ilé Àpáàdì

Bí Asiata bá sọ fún yín pé òun ò jowú Sìdíkàt rí, ẹ yáa gbà fún un, torí ẹnu rẹ̀ mú, kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé tí inú bá ń bí i. Ṣùgbọ́n gbogbo agbo aláró tó wà lẹ́yìn ọjà Ìtòkú ló mọ̀ pé owú ni. Ó pọ̀ débi pé tí Sìdíkàt bá sín, Asiata á ní ó sín ju bó ṣe yẹ lọ.

Obìnrin kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Ìyá Aláró ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti pè é bẹ́ẹ̀ títí tí èèyàn fi gbàgbé orúkọ tí àwọn àáfà sọ ọ́. Òun ló bí Asiata. Sìdíkàt ní tirẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ Ìyá Aláró kan tó kú sí Ìmálà ni, kékeré ni wọ́n gbé e wá. Orí ẹní kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì sùn dàgbà. Àwo kan náà ni wọ́n ti jẹun. Ìyẹ́ adìẹ kan náà ni wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í bọ inú aró, torí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní lè mú un.

Ìyá Aláró kì í yin iṣẹ́. Tí aṣọ bá dára, á ní, lọ sá a. Tí kò bá dára, á ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. “Lọ sá a” ni Asiata ti ń gbọ́ láti kékeré títí ó fi lọ sílé ọkọ, tó bímọ, tí irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ìyá òun ṣe rí nìyẹn, pé ìyìn ò sí lẹ́nu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò dùn ún, níwọ̀n ìgbà tí Sìdíkàt náà kò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn sójà tún gbàjọba, tí Sìdíkàt gbé aṣọ tuntun kan wá. Ìlà kan ṣoṣo ló yà yí etí aṣọ náà po. Ìlà náà á lọ, á ṣẹ́rí, á ká wọnú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù sínú yàrá, á tún jáde, á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìjá. Má Ṣìnà ló pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Aláró fà á sórí itan, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà láti igun dé igun. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

“Sìdíkàt,” ló wí, “ọwọ́ ẹ ti kọjá tèmi.”

Asiata wà nídìí ìkòkò, ó ń ro aró. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Ó ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀, títí aró fi ta sí i lójú. Kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Láwàlì ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ibà ni, ó ní kó fi òun sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń pa á kú lọ. Ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Aláró, kò lè dúró pẹ́ mọ́, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé tí Iléyá bá ti kọjá, òun máa fa àwọn ìkòkò aró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé ẹnìkan lọ́wọ́, kí òun lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá gba ìkòkò ló gba iṣẹ́. Òun ni àwọn oníbàárà Èkó àti ti Kùtọnu máa béèrè, òun ni wọ́n máa pè ní Ìyá Aláró. Asiata ò tíì rò ó rí pé ẹlòmíràn lè gba ìkòkò ìyá òun. Ní báyìí, kò rí nǹkan mìíràn rò mọ́.

Láwàlì ní tirẹ̀, iṣẹ́ aṣọ́lé ló ń ṣe ní Ijẹmọ, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìjọ. Nínú yàrá méjì tó wà nísàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gíríìsì sí, èyí tí àlùfáà òyìnbó kan tó ti kú fi sílẹ̀ fún ìjọ. Tíṣà Ọládipọ̀ ló ń bójú tó wọn, baba kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbọ́ èdè Gíríìkì ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ṣe gbọ́ Yorùbá lọ. Ó kọ “Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé” gàdàgbà sára pátákó. Àwọn ará àdúgbò yọjú wo inú ilé, wọ́n rí ìkòkò tó fọ́ tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀, wọ́n ní Ilé Àpáàdì ni, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára.

Ojoojúmọ́ ni Asiata ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Láwàlì níbẹ̀. Á gba yàrá iwájú kọjá sẹ́yìn ilé, á gbé abọ́ fún un, á kó ti àná, á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe fẹ́ máa lọ, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Ọládipọ̀ rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú òjò o, Ìyá Mùsílíù. Níwọ̀n ìgbà tí òjò ti dá yín dúró, ẹ ò ṣe jẹ́ n fi àwọn nǹkan wa hàn yín?” Baba yìí ò rí àlejò, àfi àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n á máa ti ara wọn. Asiata wo òjò, ó wo baba náà, ó tẹ̀ lé e.

Tíṣà fi fìtílà amọ̀ hàn án, kékeré bí ẹni pé ọmọdé fi ń ṣeré. Ó ní òróró ni wọ́n ń bu sínú rẹ̀. Asiata ní fìtílà àwọn náà nìyẹn, kí ló dé tí wọ́n wá tì í mọ́ inú gíláàsì. Ó fi àwọn ère obìnrin kéékèèké hàn án, Asiata sì gbà pé irun tí wọ́n dì dáa díẹ̀, ó fẹ́ jọ kòlẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ òkúta funfun kan hàn án, ọwọ́ nìkan, kò sí ara. Asiata béèrè bóyá olè ni wọ́n gé e lọ́wọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Ó ní rárá, ilẹ̀ ni wọ́n ti hú u, ère tó ni ọwọ́ náà ti fọ́ tipẹ́, kí Ànábì tó dáyé. Lẹ́yìn náà ló mú un dé ìdí tábìlì tó wà láàárín yàrá, ó ní èyí ni àgbà gbogbo wọn, ó ti Kọ́ríńtì wá.

Ìkòkò ńlá ni, ó ní etí méjì, ikùn rẹ̀ yọ. Ní ọrùn rẹ̀, ìlà dúdú kan yí i po. Ìlà náà lọ, ó ṣẹ́rí, ó ká wọnú ara rẹ̀, ó tún jáde.

Asiata gbé abọ́ àná sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan ìkòkò. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ dùn, ó dùn ju ti ọjọ́ tó bí Mùsílíù lọ, kí n má purọ́ fún yín. Má Ṣìnà ni! Ọwọ́ tó ti kọjá ti Ìyá Aláró, inú Ilé Àpáàdì ló ti lọ wò ó kọ.

Ó béèrè lọ́wọ́ Tíṣà bóyá ẹnìkan ti wá wo ìkòkò yìí, obìnrin dúdú kan báyìí, tó ní èjí lẹ́nu. Ojú Tíṣà tàn. Ó ní ṣé àbúrò wọn ni wọ́n ń wí, ẹni jẹ́jẹ́ yẹn? Ó ní nígbà tí Asiata lọ ṣe ìsọmọlórúkọ ní Ṣàgámù, àbúrò náà ló gbé oúnjẹ Láwàlì wá, ó sì jókòó ti ìkòkò yìí títí oúnjẹ fi tutù. Ó tún padà wá lẹ́yìn ìgbà náà, kódà ó wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí wọn kì í ṣí ilé, Láwàlì ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyẹn ló wá ba ayọ̀ náà jẹ́. Asiata ti gbàgbé pé òun fúnra òun ló rán Sìdíkàt níṣẹ́ oúnjẹ yẹn. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé nínú òjò, ó bá Láwàlì nídìí abọ́, ó ní ìgbà wo ló di ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún obìnrin lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láwàlì gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mì. Ó ní Sìdíkàt ló sọ pé òun fẹ́ wo ìkòkò náà. Ó ní bí Asiata bá sọ pé òun fẹ́ wò ó, òun á ṣílẹ̀kùn fún un bákan náà, ṣùgbọ́n Asiata ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Asiata kó abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀, láì jẹ́ kó jẹun tán.

Ọjọ́ kejì ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìtòkú. Kò pariwo o. Ó kàn ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lápá òsì, pé Má Ṣìnà tí gbogbo èèyàn ń ra, ìkòkò òyìnbó ni wọ́n ti jí i kọ, àwọn ará Gíríìsì ló ni ín. Ó ń retí kí àwọn èèyàn ṣe háà, kí wọ́n yẹra fún Sìdíkàt. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn oníbàárà Èkó ní ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé aṣọ tí àwọn ará ayé àtijọ́ ń lò lókè òkun ni? Kí wọ́n bá àwọn mú mẹ́wàá níbẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí orúkọ aṣọ náà fi yí padà, tí wọ́n ń béèrè fún Gíríìsì, tí Sìdíkàt ò sì rí àyè mí mọ́. Asiata jókòó ti aṣọ tirẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin.

Ìjà ìlara kì í tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjà kò gbọ́ tirẹ̀, ó kọjú sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ní kí ó má bínú, òun ò fẹ́ kó fa ìkòkò lé olè lọ́wọ́ láìmọ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìkòkò, ìlà, ọjọ́ Sọ́ńdè, gbogbo ẹ̀. Ìyá Aláró gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé irọ́ ni, kò sọ pé òótọ́ ni. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ fún òun lọ́jọ́ kejì, òun fẹ́ lọ fojú ara òun rí i. Ó ní kí Sìdíkàt náà múra.

Asiata sùn dáadáa lóru yẹn, ó ti pẹ́ tó ti sùn bẹ́ẹ̀.

Takisí gbé wọn dé Ijẹmọ. Láwàlì àti Tíṣà Ọládipọ̀ ló mú Ìyá Aláró lọ́wọ́ méjèèjì gòkè àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé àga fún un sídìí tábìlì. Tíṣà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ibi fìtílà, Ìyá Aláró ní kó má bínú, òun á wo ìyẹn tí òun bá ń lọ. Ó wo ìkòkò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Asiata ò lè mú un mọ́ra, ó ń fi ìka tọ́ka pé ìlà ọ̀hún rèé, igun rẹ̀ rèé, ibi tó ti ṣẹ́rí rèé, kí Sìdíkàt sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn bóyá kì í ṣe ibí ló ti rí i.

“Ibí ni,” Sìdíkàt dáhùn. “Mo sọ fún Ìyá lọ́jọ́ tí mo gbé aṣọ náà wá.”

Asiata yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó sọ fún mi. Mi ò tíì rí ìkòkò náà ni mo ṣe ní kí ẹ gbé mi wá.”

Ó bẹ Tíṣà kó bá òun yí ìkòkò náà, kí òun rí ẹ̀yìn rẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn níbẹ̀, níbi tí ìparí ìlà ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àyè ti tán fún ẹni tó yà á, ó sì há ibi tó ti ṣẹ́rí kẹ́yìn mọ́ àárín, ó wọ́. Ìyá Aláró rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni yìí náà kánjú, ó yẹ kó ti wọ̀n ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó bi Sìdíkàt bóyá ó rí i. Sìdíkàt ní òun rí i, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi kọ́kọ́ fi okùn wọn etí aṣọ kí òun tó mú ìyẹ́ adìẹ. Àwọn méjèèjì tún tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ibi tó wọ́ náà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, Tíṣà náà bá wọn dá sí i. Kò sí ẹni tó rántí pé Asiata wà níbẹ̀.

“Ìyá,” Asiata pè é, “ẹ ò yìn mí rí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ìyẹ́ adìẹ lé mi lọ́wọ́, ‘lọ sá a’ lẹ ń wí. Ẹ wá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá tiyín. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

Tíṣà Ọládipọ̀ rọra mú Láwàlì lápá, àwọn méjèèjì jáde síta. Sìdíkàt náà fẹ́ tẹ̀ lé wọn, Ìyá Aláró ní kó dúró.

“Ìgbà wo lo ti ń gba yàrá yìí gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ ẹ?” ló bi Asiata.

Asiata yíjú sí ẹnu ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn ilé.

“Sìdíkàt gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Asiata, o ò ṣẹ̀ mí. Ọwọ́ ẹ mọ́, aṣọ ẹ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ tí o ti ṣe láyé ẹ, aṣọ mi ni. Bí mo ṣe kọ́ ọ náà lo ṣe ń ṣe é, o ò bù kún un, o ò yọ níbẹ̀. Tí mo bá yìn ín, ara mi ni mò ń yìn. Mo ti ń retí kí o gbé ohun tí n ò mọ̀ wá fún mi wò. Mo ṣì ń retí.”

Kò pariwo bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn tí wọ́n fi ń béèrè omi ló fi sọ ọ́. Asiata di tábìlì mú. 

Ìyá Aláró na ọwọ́ kí wọ́n gbé òun dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ ìkòkò aró ò gbọ́dọ̀ di ìjà, Asiata ló ni ín, òun ò ní gba ogún ọmọ òun fún ẹlòmíràn. Sìdíkàt kúnlẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lò ó. Asiata tẹjú mọ́ ọn, ó ń wá ìbànújẹ́ lójú rẹ̀, kí òun rí i kí inú òun rọ̀. Kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló wá dùn ún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó jáde, Ìyá Aláró ní kí wọ́n pe Tíṣà wọlé, kó wá fi fìtílà yẹn han òun báyìí.

Iléyá dé, Iléyá kọjá. Wọ́n ṣàdúà, wọ́n pín ẹran, Ìyá Aláró sì fa ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé Asiata lọ́wọ́ lójú gbogbo agbo aláró. Ọ̀pọ̀ ló bá a yọ̀. Ó ra gèlè tuntun. Sìdíkàt kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, ó gba ẹ̀yìnkùlé kan níbẹ̀, ó ra ìkòkò méjì péré. Asiata ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó parí, ilẹ̀ ti mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó tètè jí, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó ti gbé ìborùn léjìká. Asiata bi í pé níbo. Ìyá rẹ̀ ní Láfẹ́nwá ni. Ó ní Sìdíkàt ní nǹkan kan lórí aṣọ tó fẹ́ kí òun wá wò, òun ò sì tíì mọ ohun tó jẹ́. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́, ó dà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sójú agbo eré. Ó bẹ Asiata kó bá òun gbé àpótí ìjókòó òun dé ìdí ọkọ̀, torí òun máa pẹ́ níbẹ̀.

Asiata gbé e. Ó fi í sẹ́yìn ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, ó dúró títí ọkọ̀ fi ṣẹ́rí nísàlẹ̀ ọ̀nà.

Ó padà wọlé, ó ṣí ìkòkò àkọ́kọ́. Aró náà ti pọ́n dáadáa. Ó ri aṣọ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di dúdú bó ṣe yẹ kó di dúdú, kò ní àbùkù kankan. Ó gbé e sókè lọ́wọ́ méjèèjì, ó yíjú sí ibi tí àpótí ìyá rẹ̀ máa ń wà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Omi aró ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ara rẹ̀ pé, “Lọ sá a.”